Yàrá Tó Wà ní Ìpẹ̀kun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà ọmọ kan, ẹ má wulẹ̀ bi ìyá ẹ̀, torí ọmọ ò lè burú títí kí ìyá ẹ̀ má rí nǹkan gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ má bi tíṣà náà, ó ti rẹ tíṣà. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé-ìwé ni kẹ́ ẹ lọ bá. Dírébà kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Títì ló ń wò, ó sì ń wo dígí, àwọn ọmọ sì máa ń gbàgbé pé dígí lójú.

Àǹtí Dírébà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tí ìtàn yìí dá lé. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ gbé ló ń gbé báyìí. Ó ga, apá ẹ̀ gùn, kì í sì í pariwo. Bí ariwo bá pọ̀ jù lẹ́yìn, á kàn rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á pa ẹ́ńjìnnì, á wá jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wá kí ọ̀rẹ́. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ fúnra wọn á fi máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́, torí kò sọ́mọ tó fẹ́ pẹ́ kó tó délé jẹun.

Ohun tí kì í fi ṣeré ni ìjókòó. Òun fúnra ẹ̀ ló ń pín in, kì í sì í ṣàlàyé. Ọmọ tó ń gé èèyàn jẹ, ọmọ tó ń sunkún lójoojúmọ́, ọmọ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé wọn, ẹ̀yìn ara ẹ̀ gan-an ló ń fi wọ́n sí, níbi tí etí ẹ̀ ti lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Bí ọkàn ẹ̀ bá ṣe ń balẹ̀ lórí ọmọ kan ló ṣe ń sún un sẹ́yìn, títí ọmọ náà á fi dé ìjókòó àárín tó wà ní ìpẹ̀kun ọkọ̀. Oyè ni ìjókòó yẹn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló ń wo gbogbo orí tó wà níwájú ẹ̀, bí wọ́n bá sì ti jókòó tán, á na ọwọ́ sókè kí dírébà rí i nínú dígí. Bí ọwọ́ yẹn ò bá tíì lọ sókè, bọ́ọ̀sì ò ní mira. Tí wọ́n bá délé-ìwé, òun ló ń sọ̀ kẹ́yìn, á yẹ abẹ́ ìjókòó wò bóyá ẹnì kan gbàgbé bàtà, tàbí bóyá ọmọ kékeré kan sùn lọ síbẹ̀. Àwọn tó ti jẹ oyè náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn tó kù ò mọ̀, Àǹtí Dírébà ò sì mọ̀ pé wọn ò mọ̀. Lójú tiẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni téèyàn bá fọkàn tán lèèyàn ń gbà láyè kó jìnnà síni.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni òun àti oníbúrẹ́dì tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà fẹ́ra. Ìyàwó ọkùnrin náà ti kú, ó ní ọmọkùnrin kan. Àǹtí Dírébà ní ọmọbìnrin méjì. Bàbá tiwọn ti bá tiẹ̀ lọ láti kékeré wọn, a ò sì ní fi í kún ìtàn yìí, torí kò dúró nígbà tó yẹ kó dúró. Oníbúrẹ́dì lèèyàn dáadáa, àléébù kan ṣoṣo tó ní ni oorun. Ẹni tó ń jí po ìyẹ̀fun kí àkùkọ tó kọ, ibo ló ti fẹ́ rí ojú tó máa là sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́? Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá délẹ̀ nínú ilé yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ti pé ogún ọdún, ó ń kọ́ òfin ní yunifásítì. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe torí ìwé tó ń kà, ó ti ń rojọ́ lórí ẹyin díndín kó tó mọ̀wé. Àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni Òfófó, torí ọ̀rọ̀ kì í sun ọjọ́ kan nínú ẹ̀. Ọmọ oníbúrẹ́dì, tó ti pé mẹ́tàdínlógún, ni Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ò yájú, kì í rí àgbà fín. Ìyẹn gan-an ló ń dun Àǹtí Dírébà. Ọmọ náà á jẹun tán, á fọ àwo ẹ̀, á nù ún gbẹ, á dá a padà síbi tó ti mú un, bí ẹni tó háyà yàrá tí kò fẹ́ kí onílé rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ ṣé, Àǹtí Dírébà." Bó ṣe ń pè é láti kékeré nìyẹn, torí ó ti wọ bọ́ọ̀sì ẹ̀ rí, ọdún kan péré, nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, kí bàbá ẹ̀ tó mú un lọ sílé-ìwé tó wà nítòsí ilé búrẹ́dì. Ọdún yẹn náà ni ìyá ẹ̀ kú.

Bí ìsinmi tó ń bọ̀ yìí bá parí, Jẹ́jẹ́ ń lọ sí yunifásítì tó jìnnà réré. Àǹtí Dírébà ò bẹ̀rù pé ó ń lọ, ọmọ kì í ṣe igi, gbogbo wọn ló ń lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọmọ tó jáde nílé kó tó wọlé dáadáa, ọ̀nà wo ló máa gbà padà? Ó fẹ́ kí ọmọ yìí jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kó má fọ àwo, kí ara ẹ̀ balẹ̀, kó tó lọ.

Ohun tó mú kó ronú kan ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ó ti kíyè sí i lẹ́nu iṣẹ́ pé ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà ni àwọn ọmọ tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ń di ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá lọ sí ilé ìtura, kálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tó ń gbé èèyàn rìn lójú òkun fún ìgbádùn, tó ní yàrá àti ilé oúnjẹ nínú, tó ń dúró ní èbúté kan lónìí, òmíràn lọ́la, ibo lèèyàn fẹ́ sá gbà níbẹ̀? Ó sọ ọ́ fún oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ní ó dáa, ó sùn.

Ọ́fíìsì obìnrin aṣètò ìrìn-àjò wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Àwòrán òkun ló kún ara ògiri, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi igi gbẹ́ wà lórí tábìlì, òpó èéfín ẹ̀ ti ṣẹ́, wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ padà, ó wọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọjọ́ orí àwọn ọmọ tán, ó bọ́ awò ojú ẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kékeré rọrùn. Ẹ fún un ní omi tó lè fò sí àti áísíkiriìmù, ó parí. Arúgbó náà rọrùn, àga àti ibòji ló ń fẹ́. Irú àwọn tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí ni wọ́n ń bà mí lórúkọ jẹ́. Àwọn òbí á wo àwòrán, wọ́n á ní ọkọ̀ yìí rẹwà, àwọn ọmọ á wọ̀ ọ́, wọ́n á dùbúlẹ̀ ti fóònù títí wọ́n fi máa padà délé."

"Kí lèèyàn wá ń wò?"

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ọjọ́ orí. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lè rí oúnjẹ nígbà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹun, torí ìgbà yẹn gan-an lebi ń pa wọ́n. Ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ tó ní èbúté. Ẹ sì bi wọ́n léèrè, àmọ́ ẹ má gba ìdáhùn àkọ́kọ́ gbọ́."

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó fi hàn án ga ju ilé ìwòsàn àdúgbò lọ. Omi ń ṣàn láti orí ẹ̀ wá sísàlẹ̀ nínú ọ̀pá onírúurú àwọ̀ tí àwọn ọmọ ń gbà yọ̀ wálẹ̀, gbọ̀ngàn kan wà fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún tí àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Aṣètò tẹ́ àwòrán àjà ọkọ̀ sílẹ̀. Yàrá mẹ́ta ló kù lórí àjà kan náà, méjì fara kan ara wọn, ẹ̀kẹta wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún.

Àǹtí Dírébà ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka lé e. "Èmi àti bàbá wọn rèé. Àwọn obìnrin rèé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Jẹ́jẹ́ ní ìpẹ̀kun."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan," ló fèsì, inú ẹ̀ sì dùn bó ṣe ń sọ ọ́, bí ìgbà tó bá ń fi ọmọ joyè nínú bọ́ọ̀sì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nídìí oúnjẹ. Òfófó ti rí àwòrán àjà ọkọ̀ nínú báàgì ìyá ẹ̀, ó ti ròyìn ẹ̀ káàkiri ilé kí ìyá tó jókòó. Lọ́yà kọ́kọ́ dìde sí ẹjọ́.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́. Àwọn tí ò tíì ju mẹ́tàdínlógún lọ ní gbọ̀ngàn tiwọn. Àwọn tó ti pé mọ́kànlélógún ní tiwọn, wọ́n ń jó níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ogún, ibo lẹ fẹ́ kí n wọ̀? Àdán ni mí nínú ọkọ̀ yẹn, n ò ṣeku, n ò ṣẹyẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè máa jó lójú ọ̀nà," ni Òfófó wí. Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn ti ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ìbéèrè kan ni Jẹ́jẹ́ bi wọ́n. "Yàrá tèmi wà níbo, mà?"

"Ní ìpẹ̀kun," ni Àǹtí Dírébà wí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu ẹ̀. "Ìwọ nìkan lo ni ín."

"Ó dáa, mà." Ó gé búrẹ́dì ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. "Ẹ má ka èmi mọ́ ọn o. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ààrò tí Dádì ò bá sí ńlé." Ó dìde, ó lọ fọ àwo ẹ̀. Wọ́n wo oníbúrẹ́dì bóyá ó fẹ́ sọ nǹkan, àmọ́ ọ̀gá ti sùn, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àǹtí Dírébà rò ó títí, ó ní ó ti yé òun. Èwo ni ká kó ọmọkùnrin tó ń hu irùngbọ̀n pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú gbọ̀ngàn kan? Àbùkù ni. Ó padà sọ́dọ̀ aṣètò, ó gba ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ kékeré tí kò pín ẹnikẹ́ni, tó ń dúró ní ìlú tuntun lójoojúmọ́, tí wọ́n ti ń rìn lọ wo ilé àtijọ́ àti ilé iṣẹ́ ọnà. Yàrá wà, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun. Ó tún fi ìka lé e bákan náà.

"Mọ́mì, gbogbo èèyàn tó wà nínú àwòrán yìí ló mú ọ̀pá dání," ni Òfófó wí. Lọ́yà ní ọkọ̀ náà bá òfin mu, àmọ́ kò bá ẹ̀dá mu. Jẹ́jẹ́ tún béèrè ibi tí yàrá òun wà. Wọ́n sọ fún un. Ó ní ẹ ṣé, mà, ààrò ò lè dá wà.

Kí n sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí obìnrin náà nínú. Ó wa bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹni tí eyín ń dùn, àwọn ọmọ rí ọrùn ẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ láìjẹ́ pé ó pa ẹ́ńjìnnì. Lọ́sàn-án, ó bá ọkọ ẹ̀ nídìí tábìlì ìyẹ̀fun, torí ibẹ̀ nìkan lojú ẹ̀ ti máa ń là.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ọmọ yín ò fẹ́ bá wa lọ. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un."

Oníbúrẹ́dì ń gé ìyẹ̀fun pípò, ó ń yí i róbótó. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ààrò kọ́. Ṣé o ti bi í?"

"Mo bi í, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Mo ń sùn. Ṣé ojú kojú lo bi í?"

"Ojú kojú ni."

"Ìyá Lọ́yà, ìwọ náà lo sọ fún mi pé o kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó da ìyẹ̀fun díẹ̀ sórí tábìlì, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Òótọ́ ló sọ. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn ò purọ́, àmọ́ àwọn àgbà yẹn ò wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé rí. Ọmọ tó ń bàlágà, bí o bá wò ó lójú, ẹnu ẹ̀ á tì pa. Ẹ̀gbẹ́ lọ̀rọ̀ tiẹ̀ wà, tàbí ẹ̀yìn. Ìgbà tí gbogbo yín bá kọjú síbì kan náà, tí kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kejì, ìgbà yẹn lá tó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ aṣètò lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú dání.

"Àwọn àga tó wà lórí àwọn ọkọ̀ yín, kí ni wọ́n kọjú sí?"

Obìnrin náà ti rí oríṣiríṣi oníbàárà, àwọn tó ń béèrè bóyá òkun náà wà nínú owó, àwọn tó ń béèrè ibi tí ọkọ̀ ń sùn sí. Kò tíì gbọ́ irú eléyìí. Ó wo àwòrán títí, ó bá fa ọ̀kan yọ. Ọkọ̀ agbedeméjì ni. Àga gbọọrọ tò létí irin ẹ̀ láti orí dé ìdí, gbogbo wọn kọjú sómi. Ògiri tí wọ́n ń gùn wà níbẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù kékeré wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí. Ilé oúnjẹ kan kì í tì. Ọkọ̀ máa ń dúró láàárọ̀ dalẹ́ ní èbúté, èèyàn á rí kẹ̀kẹ́ gùn. Bí alẹ́ bá lẹ́, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tábìlì tiẹ̀.

"Èyí yìí ni," ni Àǹtí Dírébà wí. Nígbà tó kan yàrá, ẹ má bi mí ibi tó fi ìka sí.

Lọ́yà gbé ọkọ̀ náà yẹ̀ wò, ó ní òun ò rí ẹjọ́ rò. Òfófó ti ń kó aṣọ. Jẹ́jẹ́ béèrè ìbéèrè ẹ̀, wọ́n dá a lóhùn, ó sì ní kí Ọlọ́run mú wọn lọ mú wọn bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí Dírébà ní kí Jẹ́jẹ́ bá òun fọ bọ́ọ̀sì. Kì í kọ iṣẹ́, ó tẹ̀ lé e lọ sí ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Obìnrin náà fi kànìnkànìn ha ara ọkọ̀, ọmọ fi rọ́bà omi ṣàn án. Wọ́n fọ inú ẹ̀ náà, wọ́n sì ṣí gbogbo fèrèsé kí ilẹ̀ gbẹ. Àǹtí Dírébà jókòó sí ipò ẹ̀, ó ń nu ọwọ́ ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ ju ara ẹ̀ sórí ìjókòó tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gùn ju àyè ibẹ̀ lọ.

"Jẹ́jẹ́."

"Mà."

"Ọkọ̀ kẹta yìí náà ò wù ẹ́?"

"Ó wù mí, mà. Èyí àkọ́kọ́ gan-an wù mí."

"Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà nídìí ààrò bàbá ẹ."

Obìnrin náà ń gbọ́ bí orúnkún Jẹ́jẹ́ ṣe ń kan ẹ̀yìn ìjókòó òun. Kò yíjú. Ó ń nu ọwọ́ ọkọ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Àǹtí Dírébà, ṣé ẹ rántí pé ibí lẹ fi mí sí nígbà yẹn?"

"Mo rántí."

"Ọ̀sẹ̀ tí mọ́mì mi kú ni. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ kàn ní kí n dìde láàárín àwọn tó kù, kí n wá síbí. Ẹ máa ń kun orin kan lábẹ́nú bẹ́ ẹ bá ń wakọ̀." Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú ẹ̀. "Lọ́dún yẹn, ibi kan ṣoṣo tí ẹkún kì í ti gbọ̀n mí nìyí. Mo máa ń rò pé àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ràn lẹ ń fi sítòsí. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, àánú wọn máa ń ṣe mí."

Ọwọ́ Àǹtí Dírébà dúró.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ yan ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ fi Lọ́yà àti Òfófó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tẹ́ ẹ fi mí sí ìpẹ̀kun. Mi ò bínú, mà. Ọmọ yín ni wọ́n. Mo kàn ní kí n kúkú dúró sílé."

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àǹtí Dírébà wo ẹ̀yìn, ó rí ìka ara ẹ̀ lórí àwòrán ọkọ̀ mẹ́ta. Ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá lójú máa rí níbẹ̀. Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, òun náà sì ti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí ọmọ tiẹ̀ lójú gbogbo ayé, òun ló tún ń rẹ́rìn-ín sí i. Ojú tì í débi pé etí ẹ̀ gbóná.

"Dìde," ló wí. "Lọ jókòó sí àárín, lẹ́yìn pátápátá."

Ọmọ náà rò pé wọ́n tún lé òun ni. Ó lọ, èjìká ẹ̀ wálẹ̀, ó sì jókòó.

"Wo iwájú. Kí lo rí?"

"Ìjókòó."

"Mélòó nínú wọn?"

"Gbogbo wọn, mà."

"Wo òkè, wo dígí. Ta lo rí?"

Ó gbójú sókè. Ojú Àǹtí Dírébà wà nínú dígí gbọọrọ náà, omi ti kún un. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi náà, ìwọ ni mo rí. Nígbà tó o wà níbí lẹ́yìn mi, mi ò rí ẹ. Ẹni tó bá wà níbí kì í hàn nínú dígí, etí ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Ibi tó o wà yẹn nìkan ni ojú èmi àti ojú ọmọ ti ń pàdé. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí mò ń ṣọ́. Òun ló ń bá mi ṣọ́ àwọn tó kù. Bí wọ́n bá pé, á nawọ́ sókè, ìgbà yẹn ni mo tó lè gbéra." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú, ó pòṣé. "Lọ́yà ò lè mú kọ́kọ́rọ́ dání dalẹ́ kó má sọ ọ́ nù. Òfófó lè sọ ara ẹ̀ nù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nínú ilé wa, ìwọ nìkan lọkàn mi balẹ̀ lé lórí."

Jẹ́jẹ́ tún wo dígí náà. "Ṣé ẹ ti sọ eléyìí fún ẹnikẹ́ni rí?"

"Rárá. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀."

"Àǹtí, inú bọ́ọ̀sì yìí nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n o." Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni wọ́n ti jọ ń gbélé, obìnrin náà ò mọ̀ pé ẹ̀rín ẹ̀ jọ ti bàbá ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Má bínú, ọmọ mi. Mo ní mò ń yẹ́ ẹ sí, àṣé mò ń lé ẹ sílé ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá ní kí wọ́n bá ẹ wá yàrá sítòsí."

Jẹ́jẹ́ ò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì fi gbẹ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí wọ́n ṣe ń mu tíì, Jẹ́jẹ́ fi ife sílẹ̀. "Àǹtí, yàrá ìpẹ̀kun yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún ẹlòmíì o." Ó gbé báàgì ẹ̀, ó jáde. Àwo tó fi jẹun wà lórí tábìlì, òróró ẹyin ṣì wà lójú ẹ̀. Òfófó ń wo ojú ìyá ẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló bá a sọ̀rọ̀? Mọ́mì, kí lẹ sọ fún un?" Títí di òní, nǹkan kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn ò rí gbọ́ nínú ilé náà nìyẹn. Ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló fọ àwo náà, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wọ ọkọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà wọn gùn, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù sí i, ilẹ̀kùn tò lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn jọra. Oníbúrẹ́dì dùbúlẹ̀ láti dán bẹ́ẹ̀dì wò, ìyẹn náà ló parí ọjọ́ fún un. Lọ́yà ti ń tú báàgì wá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lé e lọ́wọ́. Ibi tí Òfófó wà, àfi ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Fèrè ọkọ̀ dún. Ohùn kan jáde láti òkè pé kí kálukú wà ní yàrá ẹ̀, ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Àǹtí Dírébà jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ọwọ́ ẹ̀ ń wá nǹkan tó máa dì mú, torí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò wọ ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà pẹ̀lú ọmọ nínú ẹ̀ rí.

Ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn kan ṣí. Jẹ́jẹ́ jáde. Ó di ọwọ́ Òfófó mú, ibi tó ti rí i kò sọ, ó sìn ín dé yàrá, ó tì í wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he kọ́kọ́rọ́ kan lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó nà án sí Lọ́yà. Ó yọjú wo bàbá ẹ̀ tó ń hanrun. Ó rìn padà, ó dé ẹnu ọ̀nà tiẹ̀, ó yíjú, ó wo gbogbo ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá na ọwọ́ ẹ̀ sókè.

Àǹtí Dírébà mi orí sí i, bó ṣe máa ń ṣe nínú dígí, omijé sì ń bọ́ lójú ẹ̀ pòròpòrò. Ìgbà náà ni ọkọ̀ mira.